Swíìṣì gíláàsì ọkọ̀ tó ń rú èéfín: ìbéèrè yín rèé

Lóṣù kẹwàá ọdún 2012, Toyota pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 7 padà nítorí swíìṣì tó ń gbé gíláàsì sókè sódò, èyí tó wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀. Lóṣù kẹwàá ọdún 2015, wọ́n tún pe nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.5. Àwọn ọkọ̀ ọ̀hún ti gbó báyìí, ọ̀pọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà wọ́n, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń pín ìròyìn náà kiri bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Kí ló ṣe swíìṣì náà gan-an?
Gíríìsì inú rẹ̀ kò kárí nígbà tí wọ́n ń tò ó. Èyí tí wọ́n rí lọ́dún 2015 ni pé eruku irin tó ń họ lára ojú iná rẹ̀, ìyẹn ibi tí irin inú rẹ̀ ti ń fẹnu kanra, lè kó jọ, kí iná wá ṣọ́ọ̀tì níbẹ̀.

Gíríìsì ló fà á, gíríìsì ni wọ́n fi tún un ṣe, wọ́n tún ní ká má fín ohunkóhun sí i. Èwo ni ká gbọ́?
Gbogbo rẹ̀. Irú gíríìsì tó lè fara da ooru ni wọ́n fi tún un ṣe. Èyí tí a kàn rà lọ́jà lè mú kí swíìṣì náà yọ́, kó rú èéfín. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé swíìṣì náà á kọ́kọ́ rọ̀ lọ́wọ́.

Ṣé tèmi wà níbẹ̀?
Ẹ gbé nọ́ńbà ṣáásí yín lọ bá aṣojú ilé-iṣẹ́ náà.

Èmi kì í wa Toyota. Kí ló kàn mí?
Ó kàn yín, bí ọkọ̀ yín bá ti dàgbà. Irin méjì tó ń fẹnu kanra ni swíìṣì. Ìgbàkígbà tí ẹ bá pa á, iná kékeré á ta láàárín wọn, irin á jó díẹ̀, á sì dúdú. Dúdú yìí ló ń dí iná lọ́nà. Gílóòbù iwájú méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 55 ń fa nǹkan bí ámpíà 9. Bí ojú swíìṣì bá jẹ fóòtì 1 péré nínú iná náà, wáàtì 9 ti di ooru nìyẹn. Kò pọ̀ létí, àmọ́ inú ike tí kò ju àtàǹpàkò lọ ló há sí.

Kí ló dé tí fíùsì kò já?
Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Oníbodè ni fíùsì: iye ẹni tó ń wọlé ló ń kà, kò mọ̀ bóyá wọ́n ń jà nínú ilé. Ojú iná tó dọ̀tí kì í mú kí iná tó ń kọjá pọ̀ sí i, ńṣe ló ń dín in kù. Nítorí náà, swíìṣì lè yọ́ tán kí fíùsì má mira. Bí ṣọ́ọ̀tì bá wá dé, fíùsì nìkan ni yóò gbà yín, ẹni tó bá sì yọ fíùsì ámpíà 15 tó fi ti 30 sí i ti lé oníbodè lọ sílé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé swíìṣì ló bàjẹ́?
Ẹ tan ohun tí swíìṣì náà ń darí. Ẹ gbé ẹnu kan mítà tó ń wọn fóòtì sí ibi tí iná ti ń wọ swíìṣì, èkejì sí ibi tó ti ń jáde. Bí ohun tí mítà kọ bá ju fóòtì 0.3 lọ, òun ni.

Ṣé a lè fọ̀ ọ́?
Bí ike rẹ̀ kò bá tíì yọ́, tí kì í sì í ṣe swíìṣì Toyota tí wọ́n pè padà yẹn. Ẹ kọ́kọ́ tú ẹsẹ̀ nẹ́gétíìfù bátìrì. Ẹ fi aṣọ bò ó kí ẹ tó ṣí i, torí spíríǹgì àti bọ́ọ̀lù irin kéékèèké wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọn a sì máa fò. Oògùn tí wọ́n ṣe fún ojú iná, tó ń gbẹ láìfi ọ̀rá sílẹ̀, ni kí ẹ fín sí i, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ má lo pẹtiróòlù. Mo mọ̀ pé ó ń fọ nǹkan mọ́.

Mo pààrọ̀ swíìṣì iná iwájú, ó ṣì ń gbóná.
Ẹ ní kí rewáyà fi rílèè sí i, ìyẹn swíìṣì tí iná kékeré ń tan, tó sì ń gbé iná ńlá. Rílèè ni yóò máa gbé ẹrù iná náà, ìwọ̀nba tó máa jí i ló kù fún swíìṣì.

Tí mo bá ti pa ọkọ̀, ṣé ọkàn mi lè balẹ̀?
Ní ti gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, torí iná kì í dé ibẹ̀ mọ́ tí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n swíìṣì bíréèkì àti ti iná iwájú sábà máa ń gba iná bátìrì tààrà tọ̀sán-tòru. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń gbóná, tó ń rùn bí ike tó jó, tàbí tí ara rẹ̀ ti pọ́n, ẹ yọ fíùsì rẹ̀ kí ẹ tó lọ sùn. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀, ẹ tú bátìrì.