Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀ ní Ìlú Ọba: ohun tó mú kó fìdí múlẹ̀, àti ibi tí owó rẹ̀ wà

Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ń bá fínra láti ọjọ́ pípẹ́ lè tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ láàárọ̀, kó má sì mọ̀ títí di alẹ́ tó bá bọ́ bàtà tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀. Ṣúgà tó pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ ti ba àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora jẹ́, ó sì ti dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọmọ ìka kù. Egbò tí ì bá jinná láàárín ọ̀sẹ̀ kan á wá di olóṣù mẹ́ta. Tó bá wọ egungun, ọ̀rọ̀ gígé ẹsẹ̀ dé nìyẹn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé ọ̀rọ̀ ò débẹ̀ ni wọ́n ń pè ní podiatrist ní Ìlú Ọba. Àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ṣì ń pè é ní chiropodist, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí ṣeé gbọ́kàn lé, ara egbò yẹn ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀.

NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún England, gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde ní 2015 lórí ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ. Ìwé náà pín ẹsẹ̀ sí ìpele bí ewu rẹ̀ bá ṣe tó. Èyí tí ewu rẹ̀ kéré, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó wà láàárín, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Èyí tí ewu rẹ̀ ga, oṣù kan sí méjì, ó sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bí nǹkan bá ń fẹ́ àmójútó kíákíá. Bí egbò bá ti yọ, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ kan lọ kí wọ́n tó fi ẹni náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú ẹsẹ̀. Ìwé náà sọ ọ́ kedere pé podiatrist tó kẹ́kọ̀ọ́ pàtàkì lórí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ ni kó máa darí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo ẹsẹ̀.

Ó yẹ kéèyàn rò ó dáadáa. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìṣègùn, aláìsàn á wá, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, á lọ. Ti ẹsẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ní egbò lẹ́ẹ̀kan ti di oníbàárà títí ayé, torí pé ibi tó jinná yẹn lè tún là nígbàkígbà. Àwọn tí wọ́n ti sọ fún pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ ní Ìlú Ọba ju mílíọ̀nù 4 lọ, àwọn arúgbó sì ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: àwa èèyàn dúdú tó wà níbẹ̀ máa ń tètè ní irú àtọ̀gbẹ kejì ju àwọn òyìnbó lọ, débi pé ọmọ ọdún 25 ni wọ́n ti ń ka ewu tiwa láti ibẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 40 ni fún òyìnbó. Oníṣègùn ẹsẹ̀ tó bá gbọ́ Yorùbá ní Peckham tàbí Thamesmead ní London, tó lè sọ fún màmá àgbà pé kí wọ́n má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná láìkọ́kọ́ fi ọwọ́ tọ́ ọ wò, iṣẹ́ tí onítumọ̀ ò lè bá a ṣe tán ló ń ṣe yẹn.

Ìdí kejì tí iṣẹ́ náà fi fìdí múlẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe é ò pọ̀. Ní 2017, ìjọba England dáwọ́ owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń san fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé kọ́ irú iṣẹ́ báyìí dúró. Àwọn tó máa ń wá kọ́ podiatry kì í sábà jẹ́ ọmọ ọdún 18 nìkan. Púpọ̀ nínú wọn ti lọ́mọ, wọ́n ti ní ilé tí wọ́n ń san owó rẹ̀, ẹ̀yáwó sì ń bà wọ́n lẹ́rù. Iye àwọn tó ń wọlé bá já wálẹ̀. Ní 2020 wọ́n dá owó kan padà: £5,000 lọ́dún tí akẹ́kọ̀ọ́ ò ní san padà, àti £1,000 lé e fún àwọn ẹ̀kọ́ tí wọn ò rí èèyàn tó, podiatry sì wà lára wọn. Àmọ́ àlàfo ọdún mẹ́ta ò ṣeé dí lójú ẹsẹ̀.

Ti òfin wá ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní podiatrist tàbí chiropodist àfi tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé HCPC, àjọ tó ń forúkọ irú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ni òfin ń ṣọ́, kò ṣọ́ gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀ lè fi orúkọ mìíràn gé èékánná, kó sì fá awọ tó ti le kúrò ní gìgísẹ̀, kó gbowó lé e, òfin ò ní mú un. Nítorí náà, ẹni tó bá parí dìgírì, tó wá jẹ́ pé èékánná gígé nìkan ló ń ṣe, ó ti gbé ara rẹ̀ sínú ọjà tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀. Ohun tí àwọn yẹn ò lè bá a dù ni abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, yíyọ èékánná tó ti wọ ẹran, ìtọ́jú egbò tó lágbára, àti ìwé oògùn. Láti 2013 ni òfin ti gba podiatrist tó bá ṣe àfikún ẹ̀kọ́ láyè láti máa kọ oògùn fúnra rẹ̀, láìdúró de dókítà. Bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe ń jinlẹ̀ sí i ni ipò rẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ sí i.

Ọdún mẹ́ta ni dìgírì náà ní England, mẹ́rin ní Scotland. Ẹni tó ti ní dìgírì tó bá a mu lè gba ọ̀nà másítà ọlọ́dún méjì. Ọ̀nà kan tún wà tí kì í hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn: ìkọ́ṣẹ́ oní-dìgírì, níbi tí ilé ìwòsàn ti gbà ọ́ síṣẹ́, tí wọ́n ń san owó oṣù fún ọ, tí owó yunifásítì ò sì kàn ọ́. Ààyè rẹ̀ ò pọ̀, àwọn tó ti ń ṣe olùrànlọ́wọ́ ní kílíníìkì ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Fún ẹni tó ní ẹrù ìdílé lọ́rùn, ọ̀nà yìí ló dára jù lọ.

Nípa owó, àtẹ ni NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, ń tẹ̀ lé, kò sí ìnájà. Ní England, lọ́dún 2025 sí 2026, Band 5, ìyẹn ìpele owó tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ń wọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti £31,049 lọ́dún, ó sì ga dé £37,796. Band 6 jẹ́ £38,682 sí £46,580. Band 7, níbi tí àwọn tó gbójú mọ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo wà, bí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, jẹ́ £47,810 sí £54,710. Band 8a bẹ̀rẹ̀ ní £55,690, àwọn podiatrist tó ń ṣiṣẹ́ abẹ egungun ẹsẹ̀ sì lè gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfikún wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní London àti agbègbè rẹ̀. Ọdún tí èèyàn lò nínú Band kan ló ń gbé e gòkè nínú rẹ̀, àmọ́ kò sí iye ọdún tó lè gbé e láti Band 5 sí 6 bí kò bá wá ipò tuntun tàbí kó kọ́ ohun tuntun.

Owó tó wà lórí àtẹ yẹn kọ́ ni gbogbo owó. Fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ bá ṣe, wọ́n ń kọ ìdá kan nínú 54 owó ọdún náà sílẹ̀ fún un, èyí tí yóò máa gbà lọ́dọọdún lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Lóòótọ́ wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ sí i, àmọ́ èyí tí agbanisíṣẹ́ ń fi sí i ju tirẹ̀ lọ. Ìsinmi ọjọ́ 27 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí ọlidé ìjọba. Bó bá ti pé ọdún márùn-ún tó sì ṣàìsàn, oṣù mẹ́fà ni wọ́n á fi san owó rẹ̀ pé, wọ́n á sì san ìdajì fún oṣù mẹ́fà mìíràn.

Èyí ló yẹ kéèyàn gbé sórí ìwọ̀n kó tó sáré lọ ṣí kílíníìkì tara rẹ̀. Ọjà wà lóòótọ́, NHS fúnra rẹ̀ ló sì ń dá a sílẹ̀: lọ́pọ̀ àdúgbò, wọn kì í gé èékánná lásán mọ́ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sí nínú ewu, ẹni náà á sì lọ sanwó níta. Ká fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ lásán. Oníbàárà mẹ́fà lóòjọ́, £45 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 44 lọ́dún: £47,520 nìyẹn. Ó dùn gbọ́. Tí méjì nínú mẹ́fà ò bá wá lójoojúmọ́, ó di £31,680, bí ẹni pé Band 5 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, kò sì tíì san owó ṣọ́ọ̀bù, ìnṣọ́ránsì, ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò lára irinṣẹ́ àti owó orí. Ọjọ́ tó bá ṣàìsàn, kò sówó. Àga tó ṣófo ni ọ̀tá kílíníìkì àdáni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń pín ọ̀sẹ̀ wọn sí méjì, ọjọ́ mẹ́ta ní NHS, méjì níta, títí àwọn oníbàárà á fi pọ̀ tó.

Ewu kan ṣì wà tí àtẹ owó kì í sọ, ara òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì ni. Títẹ̀ba lé ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ń ba ẹ̀yìn àti ọrùn jẹ́, eruku èékánná tí wọ́n ń lọ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn máa fà símú, ẹni tó sì ń lọ tọ́jú ẹsẹ̀ nílé àwọn arúgbó, òun nìkan ló ń wọlé àjèjì. Ìbòmú, àga tó ṣeé gbé sókè gbé sílẹ̀, kí ẹnì kan sì mọ ibi tó lọ: ara ohun tó ń pa iṣẹ́ mọ́ ni wọ́n.

Ẹni tó bá ń gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà ní Amẹ́ríkà kó má fi wé èyí. Ìdajì àwọn podiatrist ibẹ̀ ń gbà ju $152,800 lọ lọ́dún ní 2024, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ní kọ́lẹ́jì, mẹ́rin ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹsẹ̀ àti mẹ́ta ní ilé ìwòsàn ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀, pẹ̀lú gbèsè ńlá lọ́rùn, dìgírì Ìlú Ọba kò sì lè gbé èèyàn wọ ibẹ̀. Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ náà ṣì ṣọ̀wọ́n gan-an. Dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn oníṣẹ́ abẹ ló ń gbìyànjú lórí ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tó ti pẹ́ jù, ó sì dunni. Nọ́ọ̀sì tó bá ti ilé wá ò lè fi ìwé nọ́ọ̀sì wọ inú ìwé àwọn podiatrist. Àfi kó kọ́ dìgírì náà tàbí másítà ọlọ́dún méjì yẹn. Bó bá sì jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ ló fi wá, £5,000 ìjọba ò kàn án, owó ilé ẹ̀kọ́ àlejò ni yóò san, nítorí náà kí ó ṣe ìṣirò rẹ̀ tán nílé kó tó wọkọ̀.