Kí Ọmọ Kọ́kọ́ Fi Yorùbá Kọ Ọ́: Ọ̀sẹ̀ Méjì Àkọ́kọ́ ní Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì

Lóṣù Kẹsàn-án, tí ilé ìwé bá ti fẹ́ wọlé, àwọn òbí a máa dá mi dúró ní Kútọ̀ àti ní Pánṣẹ́kẹ́ l'Ábẹ́òkúta níbí, torí pé Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS1. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo la máa rà fún ọmọ yìí kí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ lè já gaara? Ó ti wọ SS1 o." Díkíṣọ́nárì tó nípọn díẹ̀ àti ìwé kan tí ọmọ á máa kọ nǹkan sí ni mo máa ń ní kí wọ́n rà. Ìwé oníbéèrè-òun-ìdáhùn WAEC tí wọ́n ń tà káàkiri yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ di SS3.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kì í ṣí ìwé kankan, n kì í sì í kọ ohun tí "noun" jẹ́ sójú pátákó. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń dà ìyẹn kọ. Bébà lásán ni mo máa ń pín. Màá ní kí kálukú kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ kan tó mọ̀ dáadáa nílé wọn, kó sì fi Yorùbá kọ ọ́. Wọn á wo ara wọn lójú. Yorùbá kẹ̀, ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì?

Ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú kọ ọ́ báyìí: "Wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ funfun. Tó bá gbẹ, wọ́n á rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà kò ní mu aró." Ó tò ó bí iṣẹ́ ṣe ń tò gan-an. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun kan náà. Ó kọ "They will put it inside dye."

Gbólóhùn kan yìí tó mi í kọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ta ni "they" yẹn? "Wọ́n" tiwa lè má tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ní "wọ́n jí fóònù mi", n kò mọ olè náà, n kò sì mọ̀ bóyá ẹyọ kan ni tàbí ẹni mẹ́wàá. Gẹ̀ẹ́sì a máa fẹ́ mọ ẹni tí "they" jẹ́, bí kò bá sì sí, aṣọ fúnra rẹ̀ ló máa bọ́ síwájú gbólóhùn: "The cloth is dipped in the dye." Ohun tí ìwé gírámà ń pè ní "passive" nìyẹn, tí ọmọ ti ń há sórí láti JSS láìmọ ohun tó wúlò fún. "Will" ńkọ́? "Á" tiwa ń ṣiṣẹ́ méjì: ó ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́la, ó sì tún ń sọ ohun tí èèyàn máa ń ṣe lójoojúmọ́. Fún ti ojoojúmọ́ yìí, Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà nílò "will". Òfin ni ọmọ yẹn tẹ̀ lé, òfin èdè mìíràn ló kàn jẹ́. Bákan náà ni ọmọ tó kọ "My mother, he is a trader": "ó" kan ṣoṣo la ní fún ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́. Èyí tó kọ "My father, they have gone to work", ẹ̀kọ́ ilé ló ń hàn níbẹ̀. Tí mo bá ṣàlàyé báyìí, ẹ̀rù á kúrò lójú wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú rẹ̀ kiri nínú ìwé ara wọn.

Máàkì 50 ni WAEC ń fún àròkọ: 10 fún ohun tí ọmọ sọ, 10 fún ètò rẹ̀, 20 fún ìlò èdè, 10 fún sípẹ́lì àti àmì. Ọmọ tó há àròkọ sórí láti ilé lẹ́sìn lè kọ ohun tí wọn kò bi í. Èyí tó ti mọ bí a ṣe ń to iṣẹ́ àdìrẹ yóò mọ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ mìíràn.

Nígbà tí èmi náà wà nílé ìwé, wọ́n fi pátákó kọ́ mi lọ́rùn nítorí pé mo fi Yorùbá yá rúlà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìyẹn kí n tó tún nawọ́ ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́ bí òbí bá ní àwọn ti fòfin de Yorùbá nílé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn. Níhìn-ín l'Ábẹ́òkúta, Yorùbá ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì kan, fi bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn rẹ̀ tó ń jẹ́ Ìwé Ìròyìn ní 1859, kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kún un ní 1860.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo máa ń pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n kàwé sí mi létí, lásìkò ìsinmi, kí ojú má bàa ti ẹnikẹ́ni. Ó ń dùn mí pé mo ṣì ń rí ọmọ tó jáde JSS3 tí kò lè ka ìpínrọ̀ kan tán. Òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ pè. Tí ẹ kò bá tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè ràn án lọ́wọ́: lálẹ́, bí ẹ ti ń gbọ́únjẹ, kó ka ìwé sókè fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà kó fi Yorùbá sọ ohun tó kà fún yín. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò yé e. Kó tún un kà. (Ti "three" àti "tree", táàmù kejì la ó dójú kọ ọ́, Yorùbá kò ní ìró "th" tó bẹ̀rẹ̀ "three", ahọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ọ.)

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé tí ọmọ yín ń kọ nǹkan sí á dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ó rí i pé oríṣi àṣìṣe kan ṣoṣo ni mo fi bíírò pupa fà sí, ẹ ó sì rí ọ̀pọ̀ mìíràn tí n kò fọwọ́ kàn. Mo rí wọn. "They will" la ń bá jà lọ́sẹ̀ yìí. "He" àti "she" kàn lọ́jọ́ Ajé.