Ibi tí òórùn algae ti ń wá, àti bó ṣe ń bá bakitéríà jà

Bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú ní Àbújá, dúrọ́ọ̀mù tí wọn ò dé máa ń tutù yọ̀yọ̀ bí ewé láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìbáà jẹ́ omi ẹ̀rọ ni wọ́n pọn sí i, ìbáà jẹ́ ti mai ruwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí adágún Jabi. Algae ló ń hù níbẹ̀, oríṣiríṣi rẹ̀ ló sì wà. Fọ́nrán gígùn tí kò ní ẹ̀ka ni Spirogyra, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Cladophora ní ẹ̀ka ní tiẹ̀, ara rẹ̀ le, kì í yọ̀. Chlorella kéré débi pé ojú lásán ò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Àwọ̀ omi nìkan lèèyàn máa rí.

Algae tí nǹkan kan ò ṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá fọ́ ni òórùn ń tú jáde: kòkòrò inú omi lè ti jẹ ẹ́, oòrùn lè ti pa á, ọwọ́ èèyàn sì lè ti rún un. Ọ̀rá wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì yẹn. Bí awọ náà bá ti ya, ẹ́ńsáìmù kan (èròjà tó ń mú iṣẹ́ yá nínú sẹ́ẹ̀lì) á já ásíìdì ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, òmíràn tó ń jẹ́ lipoxygenase á so ọ́síjìn mọ́ ọn, ẹ̀kẹta á sì gé e kékeré. Ohun tó bá kù fúyẹ́ gan-an, kì í dúró nínú omi, afẹ́fẹ́ ló ń bá lọ, òun sì ni imú ń gbọ́. Hexanal, tó ń mú òórùn koríko tútù wá, wà lára wọn. Nonadienal náà wà níbẹ̀, tó ń rùn bíi kùkúḿbà. Chara, algae mìíràn, yàtọ̀: imí ọjọ́ wà nínú àwọn èròjà rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń rùn bí aáyù. (Òórùn ẹrẹ̀ tó máa ń wà nínú omi mímu nígbà mìíràn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ algae aláwọ̀ ewé. Geosmin nìyẹn, cyanobacteria àti bakitéríà inú ilẹ̀ ló ń ṣe é.)

Ásíìdì ọ̀rá kan náà ló ń bá bakitéríà jà, ibí yìí ló sì dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1944, Robertson Pratt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé Chlorella ń tú ohun kan sínú omi tí kì í jẹ́ kí bakitéríà dàgbà. Wọ́n pè é ní chlorellin. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló hàn pé ásíìdì ọ̀rá tí ọ́síjìn ti bá ṣiṣẹ́ ni. Ó máa ń rá wọ inú awọ bakitéríà, á tú u, ohun inú sẹ́ẹ̀lì á sì máa jò dànù. Staphylococcus, tó ń fa eéwo, ò ní ìbòrí kejì lẹ́yìn ògiri rẹ̀, nítorí náà ó tètè máa ń bà á. E. coli, bakitéríà inú ìfun, ní awọ mìíràn lóde, ìyẹn sì ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ò le. Wọ́n á rẹ algae sínú álíkọ́ọ̀lù bíi methanol, wọ́n á fi bébà róbótó kan mu ún, wọ́n á gbé e lé àwo tí bakitéríà ti kún. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á wọn ibi tó mọ́ yí bébà náà ká ní mìlímítà. Ẹni tó bá sá algae sóòrùn kó tó rẹ ẹ́ ti pàdánù púpọ̀ nínú èyí tó ń fò lọ, àbájáde rẹ̀ ò sì lè jọ ti ẹni tó lo tútù. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí ó lè mú kí iṣẹ́ méjì lórí algae kan náà ta ko ara wọn.

Ohun tó wà nínú bébà yẹn ti ki ju ti inú adágún lọ fíìfíì. Ní etí adágún Michigan ní Amẹ́ríkà, dípò kí algae lé E. coli lọ, ńṣe ló pọ̀ nínú òkìtì Cladophora tí omi gbá jọ. Òkìtì náà ń ṣíji bo bakitéríà lọ́wọ́ oòrùn tí ì bá pa wọ́n, ohun tó sì ń jò lára rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ.