Ìwọ̀n ìpànìyàn: bí a ṣe ń ka nọ́ńbà àti àwọ̀ orí máàpù ìwà ọ̀daràn

Lọ́dún 2020, wọ́n pa ènìyàn 263 ní ìlú St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹ̀mí 263 kúrò ní kékeré. Síbẹ̀, nọ́ńbà yẹn nìkan ò tó láti fi ìlú náà wé òmíràn. Bí ó bá jẹ́ ìlú tí mílíọ̀nù mẹ́jọ ènìyàn ń gbé ni wọ́n ti pa 263, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Bí ó bá sì jẹ́ ìlú tí àwọn ará ibẹ̀ ò ju nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ náà ni.

Ohun tí ìwọ̀n ìpànìyàn wà fún nìyẹn. Wọ́n á mú iye àwọn tí wọ́n pa láàárín ọdún kan, wọ́n á fi iye àwọn tó ń gbé ibẹ̀ pín in, wọ́n á wá fi 100,000 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ń sọ fún wa pé, nínú gbogbo 100,000 ènìyàn, mélòó ni wọ́n pa lọ́dún yẹn. Ètò ìkànìyàn ọdún 2020 ka ènìyàn 301,578 ní St. Louis. Ẹ fi pín 263, ẹ fi 100,000 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bí 87. Ìṣirò FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà lọ́dún kan náà ò pé 7.

Ẹni tó bá gbọ́ 87 yìí lè búra pé òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ìlú náà láé. Kó tó búra, kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ààlà ìlú náà dé. Lọ́dún 1876 ni wọ́n ya ìlú St. Louis kúrò lára káńtì St. Louis (káńtì ni ẹkùn tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí níbẹ̀), ààlà yẹn ò sì tíì yí padà di òní. Àwọn àdúgbò tó yí ìlú ká, níbi tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìgboro ń sùn sí, ti bọ́ sí ẹ̀yìn ààlà. Wọn ò sí lára ènìyàn tí a fi ń pín. Ní Jacksonville ní Florida, òdì kejì rẹ̀ ni wọ́n ṣe: lọ́dún 1968, wọ́n da ìjọba ìlú àti ti káńtì pọ̀, àwọn àdúgbò ẹ̀yìn ìlú sì wà nínú ìṣirò. Bí ẹ bá gbé ìlú méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìwo ààlà, ohun tó yàtọ̀ síra lẹ ń fi wéra. Ìpànìyàn pọ̀ ní St. Louis lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ìyẹn. Àmọ́ ààlà náà ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú bí nọ́ńbà náà ṣe ga tó.

Níbi tí ènìyàn ò bá pọ̀, ìṣòro mìíràn ń bẹ. Káńtì 254 ló wà ní Texas. Nínú ìkànìyàn 2020, ènìyàn 64 péré ni wọ́n kà ní èyí tó ń jẹ́ Loving. Ká ní wọ́n pa ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀ lọ́dún kan, ìwọ̀n ìpànìyàn ibẹ̀ á fò sókè dé 1,562. Bí ọdún kejì bá dé láìsí wàhálà, á padà sí òdo. Kò sí ohun tó yí padà nínú ìwà àwọn ará ibẹ̀. Iye wọn ló kéré jù fún irú ìṣirò yìí. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń da ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún pọ̀ kí wọ́n tó ṣírò fún ibi kékeré. Àjọ CDC tó ń rí sí ìlera ní Amẹ́ríkà kì í tiẹ̀ fi iye ikú tí kò bá tó mẹ́wàá han aráàlú nínú àkójọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ̀n tí a bá ṣírò láti orí ikú tí kò tó ogún kò ṣeé gbára lé. Nítorí náà, lórí máàpù wọn, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọ̀ hàn bí ìwọ̀n káńtì kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó, bí ẹ bá rí káńtì tí kò ní àwọ̀ kankan, ẹ má rò pé wọn ò pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Máàpù náà ní ọgbọ́n tó fi ń tan ojú. Ilẹ̀ ni wọ́n ń kùn, wọn kì í kun ènìyàn. Brewster ni káńtì tó fẹ̀ jù ní Texas, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò sì tó 10,000. Harris, níbi tí ìlú Houston wà, ní ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti Brewster. Ojú ẹni á kọ́kọ́ lọ sí Brewster, àwọ̀ yòówù tí wọ́n bá fún un.

Ẹni tó ya máàpù ló tún ń pinnu ibi tí àwọ̀ kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní káńtì mẹ́fà ló wà, tí ìwọ̀n wọn jẹ́ 3, 3.2, 3.4, 3.6, 3.8 àti 4. Bí ó bá pín wọn sí méjì ọgbọọgba, mẹ́ta á pupa, mẹ́ta á funfun. Káńtì tó ní 3.4 á dà bí ibi àlàáfíà, èyí tó ní 3.6 á sì dà bí ojú ogun. Bí ènìyàn 500,000 bá ń gbé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyàtọ̀ 0.2 yẹn jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo lọ́dún. Bí ó bá sì jẹ́ pé láti òdo dé 5 ló fún ní àwọ̀ kan, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á rí bákan náà. Ẹ máa ka àpótí kékeré ẹ̀gbẹ́ máàpù, èyí tó ń sọ ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún, kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá fi àwọ̀ kan ṣoṣo sọ odidi àdúgbò di ibi ọ̀daràn, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ á sì máa ru orúkọ náà kiri.

Ta ló kà á? Láti 1930 ni FBI ti ń gba ìròyìn lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá. Ìpànìyàn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ni wọ́n ń kà. Ikú àìṣọ́ra àti pípa tí òfin gbà láyè ò sí níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ikú ni CDC ń lò ní tirẹ̀, ibi tí olóògbé ń gbé ni wọ́n sì sábà máa ń kà á sí. Ọlọ́pàá ń kà á sí ibi tí wọ́n ti hu ìwà náà. Abájọ tí ikú ẹnì kan fi lè bọ́ sí káńtì kan lórí máàpù FBI, kó sì bọ́ sí òmíràn lórí ti CDC. Lọ́dún 2021, FBI yí ọ̀nà ìkójọ rẹ̀ padà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ò sì fi ìròyìn ránṣẹ́, títí kan ti New York àti Los Angeles. Ihò ńlá wà nínú ti ọdún yẹn.

Ìpinnu ènìyàn tún wà níbẹ̀. Bọ́ǹbù tó bú ní Oklahoma City ní òwúrọ̀ ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1995 pa ènìyàn 168. FBI kà wọ́n mọ́ ti ìpínlẹ̀ Oklahoma, nǹkan bí 5 nínú ìwọ̀n ìpànìyàn ìpínlẹ̀ náà lọ́dún yẹn ló sì ti ibẹ̀ wá. Àwọn tó kú lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, nígbà tí àwọn apániláyà kọlu Amẹ́ríkà, ibi ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ wọ́n sí, wọn ò kà wọ́n mọ́ ìwọ̀n ọdún náà.

Inú káńtì tó pupa pàápàá, ọ̀pọ̀ òpópónà ló dákẹ́ rọ́rọ́. Ìwádìí kan tí Lawrence Sherman, onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1989 fi hàn pé ní ìlú Minneapolis, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àdírẹ́sì ni ìdajì gbogbo ìpè sí ọlọ́pàá ti ń wá. Máàpù tó ń fi àmì sí òpópónà kọ̀ọ̀kan ló lè fi irú èyí hàn, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún òun náà. Lọ́dún 2009, ìwé ìròyìn Los Angeles Times rí i pé máàpù ọlọ́pàá ìlú náà ń fi ibì kan nítòsí gbọ̀ngàn ìlú hàn bí ibi tí ìwà ọ̀daràn ti pọ̀ jù. Àdírẹ́sì èyíkéyìí tí kọ̀ǹpútà ò bá mọ̀, ibẹ̀ ló ń kó o sí. Bí ẹ bá rí i tí àmì kóra jọ sójú kan ṣoṣo láàárín ìgboro, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ń da ẹjọ́ tí kò ní àdírẹ́sì sí.