Bí ọkọ̀ oníná bá gbòde, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé epo Àkúrẹ́?

Ìbéèrè: Àbúrò mi fẹ́ kọ́ ilé epo sí ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé. Wọ́n ní ọkọ̀ oníbátìrì ti ń lé ọkọ̀ elépo lọ lókè òkun. Ṣé owó rẹ̀ kò ní wọgbó?

Kò ní tètè wọgbó. Ẹ wo orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Nínú ọkọ̀ tuntun 10 tí wọ́n rà níbẹ̀ lọ́dún 2024, bíi 9 ló jẹ́ oníná. Síbẹ̀, lọ́dún yẹn kan náà, ọkọ̀ tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì ló ṣì pọ̀ jù lójú títì wọn, torí pé ọkọ̀ kì í gbó lọ́dún kan. Tiwa á tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, èyí tí wọ́n bá lò kù ló ń kàn wá.

Ìbéèrè: Iná tí kò sí ńkọ́?

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lójú tèmi, kì í ṣe ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gba oníbàárà lọ́wọ́ ilé epo. Ẹ dúró sí ilé epo kan ní Ọ̀yẹ́mẹkùn nírọ̀lẹ́, kí ẹ wo àwọn tó tò. Yàtọ̀ sí ọlọ́kọ̀ àti ọlọ́kadà, ẹ ó rí télọ̀, onígbàjámọ̀ àti ìyá tó ń ta omi tútù, kálukú pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ ni tiwọn. Ní oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan kúrò ní nǹkan bí ₦190, ó kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Látìgbà náà ni sólà ti ń wu irú wọn. Ẹni tó bá sì ti rí i gbé sórí òrùlé, kí ló tún fẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì ṣe?

Ìbéèrè: Ta ló kàn lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀?

Ọ̀kadà ni. Ní Kigali, lórílẹ̀-èdè Rwanda, ọ̀kadà oníná ti ń kérò. Bí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀, ọlọ́kadà á yà síbùdó, wọ́n á yọ ti ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á fi èyí tó kún sí i, ó di gbéra. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Fífi iná kún bátìrì ọkọ̀ kò yá bẹ́ẹ̀: kódà níbi tí ẹ̀rọ tó ń fi iná kún un bá lágbára, èèyàn lè dúró tó ààbọ̀ wákàtí. Ẹni tó dúró pẹ́ tó yẹn á jẹun, á mu nǹkan tútù, á ní kí wọ́n bá òun fọ ọkọ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ tó wà lójú títì tó dáa ni ọrọ̀ onílé epo.

Ìbéèrè: Kí wá ni kí àbúrò mi ṣe?

Kó fi àyè sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ṣùgbọ́n táǹkì abẹ́ ilẹ̀ ló ká mi lára jù. Táǹkì irin máa ń dípẹtà, epo á rọra máa jò wọlẹ̀, ó sì lè dé kànga àwọn ará àdúgbò. Pẹtiróòlù ní benzene nínú, èyí tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Bí ilé epo bá kógbá sílé láìsí ẹni tó hú táǹkì rẹ̀, ó lè máa ba omi àdúgbò jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kànga sì ni ọ̀pọ̀ ilé ní Àkúrẹ́ gbójú lé. Kó ra táǹkì aláwọ méjì, ìyẹn èyí tí awọ kan bo èkejì kí epo má bàa jò wọlẹ̀ bí ti inú bá lu, kó sì ti ya owó tí yóò fi hú u sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tó bá ń rì í.

Bí ẹ bá ń gbé nítòsí ilé epo àtijọ́, tí omi kànga yín ń rùn bí epo, ẹ má mu ún, ẹ má fi se oúnjẹ. Kí ẹ kàn sè é kọ́ ni ojútùú rẹ̀.