Ohun tí fóònù ń bi ṣájà kó tó gba iná

Tí wọ́n bá ki fóònù bọ ara laptop, ó lè tó wákàtí mẹ́rin, márùn-ún kó tó kún. Tí wọ́n bá fi okùn kan náà ki fóònù kan náà bọ orí ṣájà ara ògiri, kì í sábà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní orí ṣájà ló lágbára, pé òun ló ń da iná sínú fóònù bí ẹni ń da epo sínú jẹ́rẹ́kéènì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù ló ń fa iná sára, òun náà ló sì ń pinnu bí èyí tó máa fà ṣe máa pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n kì í dédé fà á. Ó máa ń kọ́kọ́ wádìí ta ló fẹ́ fún un.

Ìdí wà fún ìwádìí yìí. Lábẹ́ ìlànà USB 2.0, ohun tí wọ́n bá kì bọ ojú USB kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ fà ju amp 0.5 lọ (amp ni wọ́n fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó). Kí kọ̀ǹpútà tó fún un láṣẹ, amp 0.1 péré ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Orí ṣájà ní tirẹ̀ lè yọ̀ǹda amp 1, 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù tí kò bá bèèrè, tó kàn ń fa amp 2 lára kọ̀ǹpútà, iná lè kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹni tó bá bó okùn USB àtijọ́ á sábà bá wáyà mẹ́rin nínú rẹ̀: pupa, dúdú, aláwọ̀ ewé àti funfun. Pupa àti dúdú ló ń gbé iná. Méjì yòókù, tí wọ́n ń pè ní D+ àti D−, ọ̀rọ̀ ni wọ́n wà fún. Inú wọn ni fọ́tò àti orin ń gbà bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Orí ṣájà kò ní fọ́tò kankan tó fẹ́ gbà, nítorí náà àwọn tó ń ṣe é so D+ àti D− pọ̀ mọ́ra nínú rẹ̀. Ìsopọ̀ yẹn gan-an ni àmì. Fóònù á fi iná kékeré, bíi volt 0.6 (volt ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń ti iná), sórí D+, á wá yẹ D− wò. Tó bá bá volt 0.6 náà níbẹ̀, ó mọ̀ pé wáyà méjèèjì ti pàdé lókè lọ́hùn-ún, orí ṣájà ló wà níbẹ̀ nìyẹn. Tí kò bá bá nǹkan kan, kọ̀ǹpútà ni. Bí ẹni kan ilẹ̀kùn iwájú tó sì sáré lọ fetí sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló rí. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 2010 sọ pé ohun tó so D+ mọ́ D− kò gbọdọ̀ ju ohm 200 lọ (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó), fóònù tó bá sì rí àmì náà lè fà tó amp 1.5.

Ibí yìí ni okùn olówó pọ́ọ́kú ti ń ba nǹkan jẹ́. Òmíràn wà tó jẹ́ pé wáyà pupa àti dúdú nìkan ló wà nínú rẹ̀. Fóònù á bèèrè, kò ní rí ẹni dá a lóhùn, á wá máa fa iná díẹ̀díẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé orí ṣájà tó dáa ló wà lókè. Okùn tó bá ń gba iná àmọ́ tí kò lè gbé fọ́tò lọ sórí kọ̀ǹpútà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú rẹ̀.

Apple kò bá wọn so wáyà pọ̀. Ńṣe ni ṣájà tirẹ̀ àtijọ́ ń fi volt sórí D+ àti D−: volt 2.0 lórí ọ̀kan àti 2.7 lórí èkejì, tàbí 2.7 lórí méjèèjì, tó túmọ̀ sí amp 2.4. Ohun tó fà á nìyẹn tí àwọn ṣájà kan nígbà náà fi ní ojú ọ̀tọ̀ fún iPad.

USB-C, tó dé lọ́dún 2014, yí gbogbo rẹ̀ padà, èyí tó sì bọ́gbọ́n mu jù nìyẹn. Orí ṣájà rẹ̀ kì í tiẹ̀ yọ̀ǹda volt 5 títí tó fi rí ẹni tó fẹ́ gbà á. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ń jẹ́ CC ló ń ṣiṣẹ́ náà. Nínú fóònù, rẹ̀sítọ̀ (ohun kékeré tó ń dí iná lọ́nà) ohm 5,100 wà lórí CC kọ̀ọ̀kan. Nínú orí ṣájà, tirẹ̀ náà wà níbẹ̀: 56,000 tó bá jẹ́ ìwọ̀nba iná USB, 22,000 tó bá jẹ́ amp 1.5, 10,000 tó bá jẹ́ amp 3. Tí wọ́n bá pàdé, volt tó wà lórí CC á jẹ́ bíi 0.4, 0.9 tàbí 1.7. Fóònù á wọ̀n ọ́n, á sì mọ èyí tó tọ́ sí i. CC tó bá dáhùn nínú méjèèjì ló tún fi ń mọ apá tí wọ́n kọ okùn sí.

Rẹ̀sítọ̀ kan ṣoṣo kó ìtìjú bá Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan, nígbà tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2019. CC méjì gbọ́dọ̀ ní rẹ̀sítọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àmọ́ àwọn tó ya bọ́ọ̀dù náà fi ọ̀kan ṣe fún méjèèjì. Okùn lásán ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Okùn olówó ńlá, tó ní IC (chip kékeré) nínú, ní rẹ̀sítọ̀ tirẹ̀ tó tó bí ohm 1,000. Orí ṣájà á wo CC méjèèjì, á rò pé earphone, ohun tí wọ́n ń fi sétí gbọ́ orin, ni wọ́n kì bọ̀ ọ́, kò sì ní fún un níná. Wọ́n tún un ṣe lára bọ́ọ̀dù tó tẹ̀ lé e.

Okùn náà lè parọ́. Èyí tó ní orí USB àtijọ́ ní apá kan àti USB-C ní apá kejì, inú okùn fúnra rẹ̀ ni rẹ̀sítọ̀ ti orí ṣájà máa ń wà. Lọ́dún 2015, Benson Leung, ẹnjiníà ní Google, ń ra okùn USB-C lórí Amazon, ó ń yẹ̀ wọ́n wò, ó sì rí àwọn kan tó jẹ́ pé ohm 10,000 ni wọ́n fi sí ibi tó yẹ kí 56,000 wà. Irú okùn bẹ́ẹ̀ á sọ fún fóònù pé amp 3 wà nílẹ̀, nígbà tó jẹ́ ojú USB laptop àtijọ́ ló wà ní òdì kejì.

Tí wọ́n bá wá fi okùn so fóònù USB-C méjì pọ̀, ta ni yóò fún ta ní iná? Fóònù kọ̀ọ̀kan á máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ gbà, á tún ṣe bí ẹni tó fẹ́ fúnni, bíi ìgbà mẹ́wàá sí ogún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, títí ọ̀kan á fi wà nípò olùfúnni nígbà tí èkejì wà nípò olùgbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá yọ okùn náà, tí wọ́n sì tún un kì bọ̀ ọ́, fóònù tó ń gba iná lẹ́ẹ̀kan lè di èyí tó ń fúnni.