Ìwádìí Ló Ṣíwájú Kíláàsì: Bí Ìmọ̀ Ọrọ̀ Ajé Ṣe Dé Yunifásítì Ìbàdàn

Ẹni tó bá rí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń dù láti wọlé kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Ìbàdàn lónìí á rò pé ọjọ́ tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ni ẹ̀ka yìí ti wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, inú ilé ìwòsàn tí àwọn ṣọ́jà lò nígbà ogun, ní Ẹlẹ́yẹlé, ni wọ́n ti ń kọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga ti Yábàá wá. Kenneth Mellanby tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, onímọ̀ nípa kòkòrò ni. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, sáyẹ́ǹsì àti ìṣègùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló ń fún wọn ní oyè, òun náà ló sì ń fọwọ́ sí sílábọ́ọ̀sì àti ìdánwò.

Bẹ́ẹ̀, ìlú òwò ni Ìbàdàn nígbà yẹn. Ọjà'ba ń hó, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó àti ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Lẹ́bánónì kún Gbági, kòkó ń wọlé láti abúlé gbogbo yí ìlú ká. Láti 1947 ni ìjọba ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tó ń pinnu iye tí àgbẹ̀ máa gbà lórí kòkó rẹ̀. Owó ńlá ń rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì sí ẹ̀ka kankan nínú rẹ̀ tó ń kọ́ ọmọ bí owó ṣe ń rìn.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí ló kọ́kọ́ dé. Ní 1950, wọ́n dá WAISER sílẹ̀ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, láti máa ṣèwádìí nípa àwùjọ àti ọrọ̀ ajé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òun ló wá di NISER tí gbogbo ará Ìbàdàn mọ̀ ní Òjòó. Níbi tí ìtàn yìí ti wù mí jù nìyí: kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó jókòó kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní Ìbàdàn, àwọn kan ti gbé bírò àti ìwé wọ oko àti ọjà, wọ́n ń bi àwọn tó ń ṣòwò léèrè.

Ẹ wo iṣẹ́ tí àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Galletti, Baldwin àti Dina, ṣe fún ìgbìmọ̀ kòkó. Ní 1951 sí 1952, wọ́n ń wọ agboolé àwọn Yorùbá tó ń gbin kòkó. Èló lẹ rí lórí kòkó lọ́dún yìí? Kí lẹ fi owó náà rà? Ta ló bá yín ṣiṣẹ́ lóko, kí lẹ san fún un? Ta lẹ jẹ ní gbèsè? Èèyàn ò kàn ń dìde bi bàbá kan nílé Yorùbá ní ìbéèrè nípa gbèsè ọrùn rẹ̀. Ó gba sùúrù, ó gba ìkíni, ó gba kí onílé kọ́kọ́ rí i pé agbowó-orí kọ́ ló dé. Ní 1956 ni ìwé tí wọ́n kọ lórí ìwádìí náà jáde. Isaac Dina kan náà ló darí ìgbìmọ̀ tó ṣàyẹ̀wò bí wọ́n ṣe ń pín owó ìjọba ní 1968.

Láàárín ìgbà yẹn náà ni William Bascom, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí èsúsú wa ní 1952, tí B. W. Hodder tó ń kọ́ni ní ẹ̀ka jọ́gíráfì ní Ìbàdàn sì ń tọpa àwọn ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún.

Nígbà tó fi máa di ìparí ẹ̀wádún náà, òmìnira ti sún mọ́lé. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, wọ́n sì nílò àwọn tó lè ṣírò ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ná wọn. Ní 1957 ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, ní 1959 jọ́nà ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àsìkò yìí náà ni ẹ̀kọ́ oyè nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, lábẹ́ Lọ́ńdọ̀nù síbẹ̀.

Ojetunji Aboyade dé ní 1960, ọmọ Àwẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́, tó kàwé ní Hull àti Cambridge. Ní 1962 Ìbàdàn di yunifásítì tó dá dúró, ó ń fúnra rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní oyè. Aboyade di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1966. Ó kópa pàtàkì nínú ètò ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè ti 1970 sí 1974, òun ló sì darí ìgbìmọ̀ pínpín owó ìjọba ti 1977. Ní Àwẹ́ tó ti wá yìí náà ni Niara Sudarkasa, ọ̀mọ̀wé láti Amẹ́ríkà, ti gbé láàárín àwọn obìnrin oníṣòwò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tó sì fi iṣẹ́ wọn kọ odindi ìwé.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò gba ipò iwájú nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tí kò lè ṣírò kò lè dán ohun tó ń sọ wò. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ lè kẹ́kọ̀ọ́ jáde báyìí láìbi ọlọ́jà kankan léèrè ohunkóhun. Mo máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó wà ní ọdún kìíní lọ sí ọjà Bódìjà. Wọ́n á kọ iye kọ́ńgò ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n á sì wo orí kọ́ńgò náà: ṣé ó ga gègèrè ni àbí ó tẹ́? Ṣé ìyá ẹlẹ́wà fi ènì sí i? Ẹ̀wà lè ti wọ́n kí iye tí wọ́n ń pè tó kúrò níbi tó wà, torí ènì ló kọ́kọ́ ń lọ, orí kọ́ńgò ló ń tẹ̀ lé e. Ọmọ tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí èyí kì í pẹ́ lóye ọ̀wọ́n gógó.

Nínú sílábọ́ọ̀sì tí NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, gbé jáde, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n pa láṣẹ, wọ́n fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Inú ìdá 30 yẹn ni mo fẹ́ kí iṣẹ́ oko àti ọjà wọ̀, láti ọdún kìíní, kí a sì máa fún un ní máàkì bí a ṣe ń fún ìṣirò.